Owó Òwú, Owó Ọwọ́

Oríṣi owó méjì ni ó wà nínú gbogbo ohun tí a bá fi ọwọ́ ṣe fún títà. Èkínní ni owó ohun èlò tí a fi ṣe é. Èkejì ni owó ọwọ́ tí ó ṣe é. Alágbẹ̀dẹ a máa ra irin, a sì máa ra èédú, ṣùgbọ́n bí ó bá ta ọkọ́, kì í ṣe owó irin àti ti èédú nìkan ni ó ń gbà. Amọ̀kòkò kì í ná owó púpọ̀ lórí amọ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò sọ pé kí ó fi ìkòkò ta òun lọ́rẹ nítorí pé inú ilẹ̀ ni ó ti wa amọ̀ rẹ̀. Tọmọdé tàgbà ni ó mọ èyí nípa iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ àti ti amọ̀kòkò. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí àwọn ènìyàn kì í fẹ́ rí ju owó èkínní lọ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ náà ni fífi abẹ́rẹ́ àti wúùlù hun aṣọ.

Ó ṣòro kí a tó rí ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Yorùbá tí kò ní àwọn obìnrin tí ń ṣe iṣẹ́ yìí. Abẹ́rẹ́ gígùn méjì ni àwọn kan ń lò. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja ni àwọn mìíràn ń lò, èyí tí a mọ̀ sí kóróṣè. Fìlà ọmọ tuntun, ìbọ̀sẹ̀, súwẹ́tà, ṣọ́ọ̀lù, aṣọ orí tábìlì àti ti ẹ̀yìn àga, gbogbo wọn ni ó ń ti ọwọ́ wọn jáde. Kì í ṣe ìgbà ìwáṣẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti wà pẹ̀lú wa bí iṣẹ́ òfì. Àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn ìyàwó wọn ni wọ́n gbé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ irú èyí wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nígbà tí ìjọ CMS dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Èkó ní 1869, iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kò gbẹ́yìn nínú ohun tí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kà sí pàtàkì. Ẹ̀kọ́ náà dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ìdí tí wọ́n fi ń kọ́ni. Wọ́n fẹ́ kí ọmọbìnrin lè tọ́jú ilé ọkọ, kí ọwọ́ rẹ̀ má sì dilẹ̀. Ìwà ni wọ́n kà á sí, wọn kò kà á sí òwò. A kọ́ ọmọ ní bí a ti ń ka ojú òwú, bí a ti ń fi kún un àti bí a ti ń dín in. A kò kọ́ ọ ní bí a ti ń dá owó lé ohun tí ó hun. Láti ibẹ̀ ni ìṣòro tí a ń sọ yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú ìṣirò wo ọ̀rọ̀ náà. Kí a ní obìnrin kan fẹ́ hun aṣọ ìkómọ fún títà: súwẹ́tà kékeré, fìlà, àti ìbọ̀sẹ̀. Kí a ní 4,000 náírà ni ó fi ra wúùlù àti bọ́tìnnì. Kí a sì ní wákàtí 20 ni iṣẹ́ náà gbà á, wákàtí méjì méjì fún alẹ́ mẹ́wàá, lẹ́yìn tí ó bá ti fún àwọn ọmọ lóúnjẹ, tí ó ti fọ abọ́, tí ilé sì ti dákẹ́. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ fi òfin sọ owó oṣù tí ó kéré jùlọ di 70,000 náírà. Bí a bá pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 22, tí a sì ka wákàtí 8 sí ọjọ́ kan, wákàtí kan yóò jẹ́ nǹkan bí 400 náírà. Èyí ni pé òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kéré jùlọ lábẹ́ òfin náà yóò gba nǹkan bí 8,000 náírà fún wákàtí 20. Bí ahunṣọ yìí bá fẹ́ gba iye kan náà, ó di dandan kí ó ta aṣọ rẹ̀ ní 12,000 náírà. A kò tíì ka owó ọkọ̀ dé ọjà, a kò ka ọ̀rá tí yóò fi dì í, a kò sì tíì dárúkọ èrè tí yóò fi fẹ òwò rẹ̀ lójú.

Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé aṣọ náà dé ọjà, irú ọ̀rọ̀ tí a sábà máa ń gbọ́ nìyí:

“Màmá, èló ni aṣọ ọmọ yìí?”

“Ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà ni, ọmọ mi. Ọwọ́ ni mo fi hun ún.”

“Ẹgbẹ̀rún méjìlá! Ṣé wúùlù yìí náà ni, Màmá? Ẹ gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ta.”

“Kò tó owó òwú, ọmọ mi.”

“Ó dára, mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà fẹ́ jẹun. Ẹ gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Bí kò bá gbà, ẹ jẹ́ kí n máa lọ.”

Oníbàárà yìí kò bú ìyá náà, kò sì ṣe àfojúdi sí i. Wúùlù ni ó rí. Kò rí alẹ́ mẹ́wàá. Bí ìyá náà bá gba 5,000 náírà, 1,000 náírà ni yóò kù fún un lẹ́yìn owó òwú, èyí tí í ṣe 50 náírà fún wákàtí kan. Bí ó bá kọ̀, aṣọ yóò padà sínú àpò, owó òwú rẹ̀ yóò sì há sínú àpò náà pẹ̀lú. Kò sì mọ ọjọ́ tí oníbàárà mìíràn yóò yà. Ní ọjọ́ tí owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ bá délẹ̀, tàbí tí gaàrí bá tán nínú ilé, yóò gba 5,000 náà. Kì í ṣe pé kò mọ ìṣirò. Ẹni tí ebi ń pa kò lè dúró ti iye tí ó dá lé ọjà rẹ̀, àwọn tí ó ń yọwó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

A kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru oníbàárà. Òun náà ń ṣọ́ owó ná, ó sì ti rí aṣọ mìíràn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá yìí. Ó pẹ́ tí ẹ̀rọ ti ń bá abẹ́rẹ́ du ọjà: ní 1589 ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ William Lee ṣe ẹ̀rọ tí ń hun ìbọ̀sẹ̀, láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ sì ti ń yára sí i. Lónìí, ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń hun èyí tí ó pọ̀ jù nínú súwẹ́tà tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń wọ̀. Lẹ́yìn èyí ni òkìrìkà. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà kò fi àyè gba kíkó aṣọ àlòkù wọlé láti òkè òkun, síbẹ̀ òkìtì rẹ̀ kò tán ní ọjà. Nínú òkìtì bẹ́ẹ̀ ni a ti lè fa súwẹ́tà ọmọ ọwọ́ yọ, kí ó mọ́, kí ó rọ̀, kí owó rẹ̀ má sì tó ìdajì owó wúùlù tí ahunṣọ rà. Ẹni tí ó bọ́ ọ sílẹ̀ ní òkè òkun kò retí kọ́bọ̀ lórí rẹ̀ mọ́. Báwo ni ẹni tí ó fi alẹ́ mẹ́wàá hun aṣọ ṣe fẹ́ bá ẹni tí kò retí owó díje?

Ẹni tí ó bá rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀, kí ó gbọ́ ìtàn àwọn obìnrin Shetland. Erékùṣù ni Shetland, ó wà ní àríwá Scotland. Òtútù ibẹ̀ pọ̀, àgùntàn ibẹ̀ sì ní òwú dáradára lára. Àwọn obìnrin ibẹ̀ mọ aṣọ hun dé ibi pé a lè fa odidi ṣọ́ọ̀lù wọn gba inú òrùka ìgbéyàwó kọjá. Àwọn ọlọ́rọ̀ ń wá a rà, òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri. Ṣùgbọ́n ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò tí ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn kì í sábà san owó. Tíì, aṣọ àti àwọn ohun mìíràn láti inú ìsọ̀ wọn ni wọ́n fi ń dípò owó. Obìnrin tí ó bá nílò oúnjẹ tàbí owó ilé a ní láti máa wá ẹni tí yóò bá a fi tíì tàbí aṣọ náà ṣe pàṣípààrọ̀, a sì máa pàdánù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe ìwádìí lé e lórí ní 1872. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé mímọ iṣẹ́ ṣe nìkan kò tó. Ẹni tí ó di ẹnu ọ̀nà ọjà mú ni ó ń pín èrè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ abẹ́rẹ́ dì mú.

Àwọn obìnrin Shetland sàn jù tiwa lọ́nà kan: àgùntàn wọn wà nítòsí. Àgùntàn ilẹ̀ wa, irun ni ó hù sí i lára. Kò ní òwú tí a lè ran. Ohun tí a sì ń pè ní wúùlù ní ọjà wa kì í sábà ti ara àgùntàn kankan wá. Akíríìlì ni, òwú àtọwọ́dá tí a ń rí láti inú epo rọ̀bì, òkè òkun sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wọlé. Nítorí náà, bí náírà bá ti ṣubú, ẹ̀yìn ilé ahunṣọ ni ìró rẹ̀ ti ń dún. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ní 1986, tí a jọ̀wọ́ náírà fún ọjà láti dá iye lé. Bẹ́ẹ̀ ni ó tún rí ní oṣù kẹfà 2023, nígbà tí dọ́là kan kúrò ní nǹkan bí 470 náírà, tí ó sì kọjá 700 kí oṣù náà tó parí; ní 2024, ó rékọjá 1,400. Òwú wọ́n bí ojú, ṣùgbọ́n oníbàárà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ fi owó kún owó. Nígbà tí owó òwú bá gòkè tí iye tí a ń tà kò sì gòkè, inú owó ọwọ́ ni a ti ń yọ ọ́.

Ìgbà pẹ̀lú ń bá ahunṣọ jà. Àsìkò ọyẹ́ àti ìgbà òjò ni aṣọ òtútù máa ń tà. Nígbà tí ooru bá mú, tí gbogbo ènìyàn ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara, ta ni yóò ra fìlà onírun? Bí kò bá hun nígbà ooru, kò ní ní ọjà nígbà ọyẹ́. Bí ó bá sì hun, owó rẹ̀ yóò há fún oṣù mélòó kan. Èyí ni kò jẹ́ kí ẹni tí ojú owó rẹ̀ kéré lè ṣe é bí òwò gidi. Àwìn tún ń bẹ níbẹ̀. Ẹni tí ó ní kí wọ́n hun aṣọ tí ó bá ara ọmọ òun mu lè má padà wá gbà á, nígbà tí ó bá sì fi máa rántí, ọmọ ti ju aṣọ lọ. Èyí tí ó dunni jù ni ti ará àti ọ̀rẹ́. “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé tèmi náà ni ẹ fẹ́ gba owó rẹ̀?” Bí ó bá gba owó, ó di ahun, bí kò bá gbà á, òun ni ó san owó òwú. Kò sí ẹni tí ń sọ bẹ́ẹ̀ fún oníṣòwò tí ń ta sìmẹ́ǹtì.

Nígbà náà, kí ni ó dé tí iṣẹ́ òfì kò fi rí bákan náà? Ọwọ́ ni a fi ń hun òfì náà, òwú sì ni a fi ń hun ún. Bí a bá lọ sí Ìsẹ́yìn, a óò rí i pé aṣọ tí ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bí íǹṣì mẹ́rin lọ ni ahunṣọ ń hun lórí òfì, tí a óò wá so pọ̀ di agbádá tàbí ìró. Síbẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìyàwó kì í wo aṣọ òkè kí ó ní, “Ṣé òwú yìí náà ni?” Ìdí mẹ́ta ni a lè tọ́ka sí. Èkínní, òfì ní orúkọ: ẹtù, sányán, àlàárì. Ẹni tí ó dárúkọ sányán ti dárúkọ iyì, a sì máa ń tà á fún ẹni tí ó mọ iyì rẹ̀. Èkejì, púpọ̀ nínú òfì ni a ti bẹ̀ lọ́wẹ̀ kí a tó hun ún, pàápàá bí ó bá jẹ́ ti aṣọ ẹbí. Ẹni tí ó ní ìnáwó ti san nínú owó kí ahunṣọ tó ta òwú. Ẹ̀kẹta, wọ́n pín iṣẹ́ òfì láàrin ara wọn: ẹni tí ń ta òwú kọ́ ni ó ń hun ún, ẹni tí ń hun ún kọ́ ni ó ń rán an, owó ọwọ́ oníkálukú sì ti di ohun tí gbogbo wọn mọ̀. Obìnrin tí ń hun súwẹ́tà ọmọ kò ní èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òun nìkan ni ó ń rà, tí ó ń hun, tí ó ń fọ̀, tí ó ń kiri. Iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ní orúkọ lẹ́nu oníbàárà ju “wúùlù” lọ.

Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn ọ̀dọ́ ti gbé kóróṣè dìde lọ́nà tí a kò fọkàn sí. Bùbá, síkẹ́ẹ̀tì, àpò àti fìlà ni wọ́n ń fi ṣe, wọ́n sì ń polówó rẹ̀ lórí Instagram àti WhatsApp. Ohun kan wà tí ó yẹ kí gbogbo oníbàárà mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí. Ẹ̀rọ lè hun irú aṣọ tí abẹ́rẹ́ méjì ń hun, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe kóróṣè gan-an bí ọwọ́ ti ń ṣe é. Àfarajọ ni ti ẹ̀rọ. Nítorí náà, bí a bá rí ojúlówó aṣọ kóróṣè tí owó rẹ̀ kéré jọjọ, kí a má ṣe sọ pé ẹ̀rọ ni ó mú un rọrùn. Ọwọ́ ènìyàn kan ni ó ṣe é ní ibì kan, a kò sì san owó ọwọ́ náà. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń bá irú ọjà bẹ́ẹ̀ díje. Oníbàárà a máa fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn láti orí fóònù pé, “Irú èyí ni mo fẹ́, iye yìí ni wọ́n sì ń tà á.”

Kí ni ṣíṣe? Èkínní ni pé kí ahunṣọ máa kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀ bí ó ti ń kọ owó òwú sílẹ̀. Ohun tí a kò kà, a kì í gba owó rẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé wákàtí 20 ni aṣọ kan gbà, yóò mọ ibi tí ó lè bá oníbàárà sọ̀ kalẹ̀ dé, yóò sì mọ ibi tí títà ti di ìtọrẹ. Èkejì ni kí ó gba àsansílẹ̀ tí ó tó owó òwú kí ó tó ki abẹ́rẹ́ bọ òwú, gẹ́gẹ́ bí àwọn onísányán ti ń ṣe. Ẹ̀kẹta ni kí àwọn ahunṣọ àdúgbò kan parapọ̀ ra òwú ní òsùnwọ̀n ńlá, kí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan lórí iye tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní tà kọjá sísàlẹ̀. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ Yorùbá. Ẹ̀kẹrin ni kí wọ́n fi ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe dáradára sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, kí wọ́n sì mú ohun tí ọwọ́ nìkan lè ṣe: aṣọ tí ó bá ara ẹnì kan pàtó mu, tí a hun orúkọ ọmọ sí, tàbí tí àrà rẹ̀ kò sí níbòmíràn.

Ilé-ẹ̀kọ́ ní ipa tirẹ̀. Láti 2011 ni ìlànà ẹ̀kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama àgbà ní Nàìjíríà ti ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ òwò nínú. Ìgbésẹ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ iṣẹ́ ọmọ wò, tí a fún un ní máàkì nítorí pé ojú òwú rẹ̀ dọ́gba, ó yẹ kí a tún bi í pé: èló ni ìwọ yóò tà á, báwo ni o sì ti ṣe ìṣirò rẹ̀? Ọmọ tí kò lè dáhùn ìbéèrè kejì ti mọ iṣẹ́, kò tíì mọ òwò. Ẹ̀kọ́ àbọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyá rẹ̀ àgbà kọ́, gbèsè rẹ̀ ni wọ́n sì ń san títí di òní.

Èyí kò sọ pé gbogbo ohun tí a bá hun ni a gbọ́dọ̀ tà. Ìyá àgbà tí ó hun fìlà fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò wá owó ọwọ́, kò sì sí owó tí ó lè ra ayọ̀ tí ó rí nínú rẹ̀. Ẹ̀bùn ní iyì tirẹ̀, òwò sì ní iyì tirẹ̀. Ohun tí ó ń ba méjèèjì jẹ́ ni kí a mú ọ̀kan pe èkejì: kí a ra iṣẹ́ ẹlòmíràn ní iye ẹ̀bùn, kí a sì rò pé a ti ná ọjà dáradára. Yorùbá ní ọbẹ̀ tí ó dùn, owó ni ó pa á. Aṣọ tí ó gún, owó àti alẹ́ ni ó pa òun. Ẹni tí ó bá fẹ́ wọ̀ ọ́, kí ó san owó òwú, kí ó sì san owó ọwọ́.